Ọ̀wẹ̀ Iná ní Òkè-Àyìn

Ẹnu Ọpẹ́fẹ̀yìntìmí là sílẹ̀, kò sì tètè pa dé. Ẹni tó bá mọ obìnrin náà á mọ̀ pé ohun tó lè ṣe irú èyí sí i kì í ṣe kékeré, nítorí ẹnu ọ̀hún kì í wá ọ̀rọ̀ tì. Abẹ́ àtíbàbà iwájú ilé Baálẹ̀ ni gbogbo ìlú Òkè-Àyìn péjọ sí lọ́jọ́ náà, ọmọbìnrin iléeṣẹ́ sólà sì ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún wọn pé iye tí wọ́n á máa san lórí oòrùn ọ̀sán àti iye tí wọ́n á máa san lórí oòrùn alẹ́ kò ní í jẹ́ ọ̀kan náà mọ́.

"Oòrùn alẹ́ kẹ̀?" Ìgbà tí ohùn padà sí i lọ́fun nìyẹn. "Ìwọ ọmọ yìí, ta ló rí oòrùn lálẹ́ tó wá ń tà á?"

Àwùjọ bú sẹ́rìn-ín. Iyìolúwa, ọmọbìnrin náà, bá wọn rẹ́rìn-ín. Ọmọ Òmù-Àrán ni, ilé ire ló ti jáde, ó mọ bí wọ́n ṣe ń dá àgbà lóhùn. Ó kúnlẹ̀ lórí orúnkún kan, ó ní, "Ẹ má bínú, Ìyá Ayọ̀. Iná tí bátìrì bá yín gbé pamọ́ lọ́sàn-án, tẹ́ ẹ wá ń tàn lálẹ́, òun ni mo ń pè bẹ́ẹ̀. Oòrùn fúnra rẹ̀, ọ̀fẹ́ ni. Kíkó o pamọ́ ni kì í ṣe ọ̀fẹ́."

"Ó parí!" ni Ọpẹ́fẹ̀yìntìmí wí, ó sì fìdí jókòó gbì.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ fún yín. Èsìẹ́ ni wọ́n ti gbé e níyàwó wá fún Tíṣà Aaron, tó kọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ Òkè-Àyìn ní ABD kó tó dolóògbé. Ìdí nìyẹn tí àwọn àgbà ìlú fi ń pè é ní Ìyàwó Tíṣà títí dòní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé irun orí rẹ̀ ti ń funfun. Àwọn tí kò tó o bí ń pè é ní Ìyá Ayọ̀, nítorí Ayọ̀túndé, ọmọ rẹ̀ tó ń gbé Ìlọrin. Obìnrin tó yára ni. Kò lè wo ẹni tó ń fà tìkọ̀ lójú, ara rẹ̀ á máa yún un. Bí wọ́n bá ń ṣe ọ̀wẹ̀ nílùú, tí gbogbo èèyàn bá kóra jọ sí oko ẹnì kan láti bá a kọ ebè tàbí láti bá a ru ẹ̀gẹ́, òun ló máa ń dúró níwájú tó máa ń ké "Ó yá!" Tó bá ti ké e, gbogbo ọkọ́ á jọ balẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Iṣẹ́ tó yẹ kó gba ẹnì kan ní ọ̀sẹ̀ odindi, wọ́n á ti parí rẹ̀ kí oòrùn tó mú. Inú rẹ̀ máa ń dùn sí ohun yẹn ju oúnjẹ lọ.

Iná ìjọba kò dé Òkè-Àyìn rí. Ẹ kúrò ní Òrò-Àgọ́, ẹ gun ọ̀kadà, kí ọ̀nà gbọ̀n yín jìgìjìgì títí ẹ ó fi gbàgbé ohun tẹ́ ẹ ń lọ ṣe, ibẹ̀ lẹ ti máa bá a. Òpó iná ńláńlá tó wà ní Ganmo, ẹni tó bá ń lọ sí Ìlọrin nìkan ló ń fojú rí i. Nígbà tí iléeṣẹ́ sólà wá to àwọn pátákó dúdú wọn sẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́, tí gílóòbù àkọ́kọ́ tàn, àwọn ìyá àgbà sunkún. Ọdún àkọ́kọ́ tura gan-an. Ìgbà tó yá ni kálukú bẹ̀rẹ̀ sí í ra nǹkan: áyọ́ọ̀nù, fírísà, tẹlifíṣọ̀n, ẹ̀rọ ìlọta. Ẹnì kan tilẹ̀ wà tó ra fáànù fún ewúrẹ́ rẹ̀, mi ò ní í dárúkọ rẹ̀ níbí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ wá rèé. Àárọ̀ kùtù ni ará Òkè-Àyìn ń lọ sóko. Lọ́sàn-án gangan, nígbà tí oòrùn ń da iná sílẹ̀ yàlàyòlò, kò sẹ́ni tó wà nílé láti lò ó. Bátìrì á kún, ìyókù á ṣòfò. Nígbà tí wọ́n bá tàṣálẹ́ dé, tí oòrùn ti wọ̀, ìgbà náà ni gbogbo ilé á wá tan gbogbo ohun tí wọ́n ní. Bátìrì á bẹ̀rẹ̀ sí í mí gúlegúle, iná á máa ṣẹ́jú, kó tó di àárọ̀ á ti kù díẹ̀ kó kú.

Iyìolúwa kò fi bò. Bí wọ́n bá fẹ́ bátìrì tó jù báyìí lọ, owó gọbọi ni, orí gbogbo ilé ló sì máa já lé. Bí wọ́n bá fẹ́ jẹnẹrétọ̀ tó máa ran bátìrì lọ́wọ́ lálẹ́, epo ló ń mu, tariwo-tariwo, owó tirẹ̀ náà kò kéré. Bí wọn kò bá fẹ́ ìkankan nínú méjèèjì, tí ọyẹ́ bá ti ń mú, iléeṣẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í pa iná lóru títí ilẹ̀ á fi mọ́, kí bátìrì má bàa bàjẹ́ pátápátá.

"Àfi," ni Iyìolúwa wí, "kẹ́ ẹ kó iṣẹ́ tó wúwo wá sí ọ̀sán. Lọ́sàn-án, ẹ lò ó bó ṣe wù yín. Kódà, mo bẹ̀ yín, ẹ lò ó!"

Ọ̀rọ̀ tí Ọpẹ́fẹ̀yìntìmí dì mú lọ sílé nìyẹn. Àyà rẹ̀ sì ti já kó tó délé, nítorí ohun tó wà nínú yàrá rẹ̀ kò lè fara da kí wọ́n pa iná lóru, ì báà jẹ́ òru ẹyọ kan.

Ẹ̀rọ kan ni, tí wọ́n ń kó ẹyin adìẹ sí, tí á máa fi ooru iná sàba lé wọn títí wọ́n á fi pamọ. Tíṣà ló rà á kó tó kú. Àgbébọ̀ ni ìyàwó rẹ̀ ń pè é, gbogbo ìlú sì ń bá a pè é bẹ́ẹ̀. Iná tí Àgbébọ̀ ń jẹ kò tó nǹkan, àmọ́ kì í sinmi, tọ̀sán-tòru ni. Tẹ́lẹ̀, ẹyin bíi mélòó kan ló máa ń kó sí i, kó fi rí owó ọṣẹ. Lúkúlúkú ló sọ ọ́ di nǹkan ńlá. Àrùn yẹn wọ Òkè-Àyìn lẹ́yìn ìkórè, ó pa adìẹ ìlú bí ẹni ń gbálẹ̀. Ilé tó ní ogójì di ilé tó ní ẹyọ kan. Ilé míì kò rí ọ̀kan he, àkùkọ kì í kọ mọ́ lówùúrọ̀, ìlú wá dákẹ́ rọ́rọ́. Ọpẹ́fẹ̀yìntìmí ló dìde, tó ń lọ láti ojúlé dé ojúlé. "Bí adìẹ tó ṣẹ́kù bá sàba," ó ń sọ fún wọn, "kò ní í yé mọ́. Ẹ kó ẹyin rẹ̀ fún mi, kó máa yé lọ. Àgbébọ̀ á bá yín pa á, ẹ̀yin tí ò ní rárá náà á rí ọmọ mú." Wọ́n gbà. Ẹ wá wò ó: gbogbo irú adìẹ tó kù nílùú ló wà nínú àpótí kan, nínú yàrá obìnrin kan, lórí ẹ̀mí iná kan.

Bí wọ́n bá pa iná lóru, ó tán. Bí ìlú bá kó iṣẹ́ wá sí ọ̀sán, tí bátìrì sì fi alẹ́ sinmi, kò sẹ́ni tó máa pa iná. Kí ni Ọpẹ́fẹ̀yìntìmí ìbá tún ṣe? Ó padà tọ Baálẹ̀ lọ, ó ní ká fi ọ̀wẹ̀ ṣe é.

"Ọ̀wẹ̀ iná?" ni Baálẹ̀ bi í.

"Ọ̀wẹ̀ iná, Bàbá. Ní Sátidé, kẹ́nikẹ́ni má lọ sóko. Ká gbé gbogbo iṣẹ́ iná wa sí ọ̀sán gangan, ká jọ bẹ̀rẹ̀, ká jọ parí, ká fi han iléeṣẹ́ pé ọwọ́ wa ká a. Ẹ jẹ́ kí Abdulfatah ladánì fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn mọ́ṣáláṣí pè, kí ṣọ́ọ̀ṣì wa náà lu agogo."

Ó dùn létí gbogbo èèyàn. Ọ̀wẹ̀ ni wọ́n fi kọ́ ilé ẹ̀kọ́, ọ̀wẹ̀ ni wọ́n fi gbẹ́ kànga, ọ̀wẹ̀ ni wọ́n fi dí kòtò ojú ọ̀nà nígbà tí ìjọba gbàgbé wọn. Ẹnì kan ṣoṣo ló fọwọ́ ha orí. Àfísù ni, wẹ́dà ìlú, ọmọkùnrin tí kì í pariwo. Ó bá Ọpẹ́fẹ̀yìntìmí lẹ́nu ọ̀nà, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Ìyá Ayọ̀, ẹ forí jì mí o. Gbogbo wa lẹ́ẹ̀kan náà? Ṣé kò ní í pọ̀ jù fún un?"

"Àfísù, bóo bá fẹ́ sá fún ọ̀wẹ̀, sọ pé o fẹ́ sá," ni ìyá dá a lóhùn. "Ṣebí etí rẹ náà gbọ́ ọ. Ọmọ yẹn ní ká lò ó bó ṣe wù wá."

Àfísù dìde. Ó ní, "Ẹ ṣé, mà," ó sì gba ibi iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Sátidé pé. Ẹ̀yin ará, ìlú dùn! Àwọn obìnrin ti to aṣọ tí wọ́n fẹ́ lọ̀ sórí àga gègèrè. Àwọn tó fẹ́ lọ ata ti gbé igbá dúró sẹ́nu ẹ̀rọ ìlọta, àwọn tó fẹ́ lọ èlùbọ́ wà lẹ́yìn wọn. Àwọn géńdé ti to kẹ́ẹ̀gì omi yí kànga tó ń lo ẹ̀rọ ká. Fírísà wà níbẹ̀, kẹ́túlù oníná wà níbẹ̀, ẹni tó ra fáànù fún ewúrẹ́ náà kò gbẹ́yìn. Ọyẹ́ rọra bo ojú ọ̀run, síbẹ̀ oòrùn ọ̀sán ràn dáadáa. Abdulfatah ké nínú gbohùngbohùn pé kí gbogbo ilé fi ọwọ́ lé súìṣì. Agogo ṣọ́ọ̀ṣì dún. Ọpẹ́fẹ̀yìntìmí gun orí àpáta tó wà láàárín ìlú, ó ká apá aṣọ sókè, ó fi gbogbo agbára rẹ̀ lọgun:

"Ó yá!"

Gbogbo súìṣì ìlú jọ balẹ̀ bí ọkọ́ ṣe ń jọ balẹ̀.

Gbàù!

Ẹ̀yìn ilé ẹ̀kọ́ ni ìró ọ̀hún ti wá. Èéfín tín-ínrín kan gòkè láti inú ilé ẹ̀rọ, lẹ́yìn náà kò sí nǹkan mọ́. Ẹ̀rọ ìlọta tó ti fẹ́ máa yí dúró. Omi tó ti ń bọ̀ lẹ́nu páìpù padà sísàlẹ̀. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn kú mọ́ Abdulfatah lẹ́nu, ó ṣì ń sọ̀rọ̀ sínú rẹ̀. Gbogbo èèyàn dúró, ọwọ́ lórí súìṣì, wọ́n ń wojú ara wọn.

Ọpẹ́fẹ̀yìntìmí ló kọ́kọ́ rántí. "Yéè! Ẹyin mi!"

Ó fò sílẹ̀ lórí àpáta yẹn bí ọmọdé, gèlè bọ́, kò wẹ̀yìn. Ó já wọ yàrá. Iná pupa kékeré tó máa ń wà níwájú Àgbébọ̀ ti kú. Ó fọwọ́ kan ara àpótí náà, ooru ṣì wà lára rẹ̀, àmọ́ ọyẹ́ ni a wà, ó sì mọ bí yàrá yẹn ṣe máa ń tutù tí oòrùn bá ti wọ̀. Ó káwọ́ lérí, ó ní, "Mo gbé! Ọwọ́ ara mi ni mo fi ṣe é!" Kó tó parí gbólóhùn yẹn, ara rẹ̀ kọ̀ ọ́, ó wá ẹni tó máa di ẹ̀bi náà rù. Ó jáde síta, ó rí Àfísù tó ń bọ̀, ó sì fi ìbínú kò ó lójú.

"Ìwọ ni! Ẹ̀rọ ajórinmọ́rin rẹ yẹn ló gbé iná mì! Irin wo lo fẹ́ jó tí o kò lè dúró kí ìlú ṣe tirẹ̀ tán?"

Àfísù na ọwọ́ méjèèjì síwájú, ó ní, "Ìyá Ayọ̀, mi ò tíì tan tèmi. Mo ní kí ẹ̀yin kọ́kọ́ tàn ná, kí n fi tèmi ṣe ìkẹyìn."

Háà! Bí ẹni da omi tútù sí i lára ló rí. Bí wẹ́dà kò bá tan ẹ̀rọ rẹ̀, kí ló wá pa iná? Áyọ́ọ̀nù ni. Kẹ́túlù ni. Ata lílọ̀ àti omi fífà ni. Gbogbo wọn ni, àwọn tó ní ẹyin nínú Àgbébọ̀, tí wọ́n jọ fọwọ́ lé súìṣì nítorí òun ní kí wọ́n fọwọ́ lé e. Ọpẹ́fẹ̀yìntìmí wo Àfísù, kò tọrọ àforíjì, ó yí padà wọlé.

Wọ́n rán Abdulfatah gun òkè tí nẹ́tíwọ̀kì wà. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, ojú rẹ̀ kò dára. Ó ní Iyìolúwa wà ní Ìlọrin, ọ̀la ló lè dé. "Mo sọ ohun tá a ṣe fún un," ó ní. "Ó kígbe. Ó ní, 'Gbogbo yín? Lẹ́ẹ̀kan náà?' Ó ní òun ló jẹ̀bi, òun ló sọ pé ká lò ó bó ṣe wù wá, òun kò mọ̀ pé a máa fọn fèrè sí i."

Ọ̀la kẹ̀! Ẹyin kò lè dúró dọ̀la. Ọpẹ́fẹ̀yìntìmí jókòó sílẹ̀ níwájú Àgbébọ̀, ó ń wò ó bí wọ́n ṣe ń wo aláìsàn. Ibẹ̀ ni Bíntù bá a. Ọmọ bíbí ìlú ni Bíntù, ó dàgbà jù ú lọ, irú ló ń ṣe tà. Ògiri kan ṣoṣo ló la ilé àwọn méjèèjì. Ó gbé apẹ̀rẹ̀ kan sórí, ó gbé òmíràn sábẹ́ apá, òórùn irú sì ti wọlé ṣáájú rẹ̀.

"Ìyàwó wa, dìde. Kó ẹyin jáde."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lónìí."

"Ta ló ń fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́? Ki ọwọ́ bọ ibí."

Ọpẹ́fẹ̀yìntìmí ki ọwọ́ bọ abẹ́ àwọn aṣọ tí Bíntù fi di apẹ̀rẹ̀ náà. Ó yára fà á jáde, ẹ̀rù bà á. Ó tún tì í bọ̀ ọ́. Ó gbóná! Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, bí abẹ́ ìyẹ́ adìẹ gan-an. Gbogbo ọdún tó ti ń bá irú yìí gbé ní ògiri kan, tó ń jẹ ẹ́, tó ń ráhùn òórùn rẹ̀, kò mọ̀ rí pé bí wọ́n bá se é tán, tí wọ́n fi ewé àti aṣọ bò ó mọ́lẹ̀ kó lè ṣe, fúnra rẹ̀ ló ń mú ooru jáde láìsí iná nídìí rẹ̀.

"Irú tó ń ṣe lọ́wọ́ nìyẹn," ni Bíntù wí. "Mo ní òmíràn nílé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀. Tẹ́ aṣọ lé e, to ẹyin sórí rẹ̀, ká tún fi aṣọ bò ó. Tí èyí bá ti ń tutù, ká gbé e bọ́ sórí èkejì. Àbí o ní ju bẹ́ẹ̀ lọ?"

Kò ní. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó o. Ìròyìn ti tàn, àwọn obìnrin ìlú sì já wọlé pẹ̀lú ìbànújẹ́ àti ìrànlọ́wọ́. Èyí gbé aṣọ, èyí gbé ṣágo omi gbígbóná, èyí kàn fẹ́ mọ èwo ni ẹyin tirẹ̀. Yàrá kún fọ́fọ́. Ẹnì kan ti ẹnì kan, ìgbọ̀nwọ́ kan kan àwo, ẹyin kan já bọ́. Ó fọ́ sí wọn lẹ́sẹ̀. Ọmọ adìẹ tó wà nínú rẹ̀ ti ní ojú, ó ti ní ẹsẹ̀. Gbogbo wọn rí i.

Bíntù ló kọ́kọ́ jágbe. "Ẹ jáde! Gbogbo yín! Ọ̀wẹ̀ lẹ tún fẹ́ ṣe mọ́ ẹyin yìí ni? Àáró ni ká ṣe é! Ilé Baálẹ̀ nìkan ni kó dúró báyìí. Tá a bá kírun alásárì tán, kí ilé kejì wá gbà á lọ́wọ́ wọn. Ilé tó kàn á dé lásìkò mùgúríbì. Ẹnì kọ̀ọ̀kan ní àkókò tirẹ̀, ẹ má wá pàdé ara yín níbí!"

Ọpẹ́fẹ̀yìntìmí tó kúnlẹ̀, tó ń fi aṣọ nu ẹyin tó fọ́, gbé ojú sókè. Ó gbọ́ ọ. Àáró! Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń pín iṣẹ́ oko láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Tó bá jẹ́ iṣẹ́ tó fẹ́ ọ̀pọ̀ ọwọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á bẹ ọ̀wẹ̀. Tó bá jẹ́ èyí tó máa pẹ́, tó fẹ́ kó kárí, wọ́n á da àáró: lónìí oko tìrẹ, lọ́la oko tèmi. Èwo ni iná nínú méjèèjì? Ọmọdé ìlú lásán mọ̀ ọ́n yàtọ̀. Òun tó ti ké "Ó yá" títí ọ̀fun rẹ̀ fi gbó, òun ni kò mọ̀ ọ́n. Ojú tì í dé egungun.

"Àáró," ó ń sọ sínú ara rẹ̀. "Áà! Àáró ni mo fi ọ̀wẹ̀ ṣe."

Ilé rọ́pò ilé títí ilẹ̀ fi mọ́, kò sí ìkankan tó yẹ àdéhùn. Nígbà tí Iyìolúwa dé lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, tí eruku ọ̀nà ti sọ irun rẹ̀ di pupa, ó bá ẹyin lórí irú. Òun náà la ẹnu, kò lè bínú mọ́. Ó ṣí ilé ẹ̀rọ. Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó jáde, ó ní iná á padà, ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀rọ tó ń yí oòrùn padà sí iná ti jóná kọjá àtúnṣe, àwọn tó kù nìkan ni wọ́n á máa lò títí iléeṣẹ́ á fi rí òmíràn.

"Bí gbogbo ìlú bá fẹ́ gba ẹnu ilẹ̀kùn kan wọlé ní ìṣẹ́jú kan náà, ilẹ̀kùn á yọ," ó ṣàlàyé. "Tí ẹ bá tò, gbogbo yín lẹ máa wọlé. N kò sọ èyí fún yín. Èmi ló yẹ kí n sọ ọ́."

"Èmi ló yẹ kí n bi ọ́," ni Ọpẹ́fẹ̀yìntìmí wí. Níwájú àwọn èèyàn tó ti bá a rẹ́rìn-ín lábẹ́ àtíbàbà ọjọ́sí, ó ní, "Ìlú, ẹ jọ̀ọ́, èmi ni mo ṣi yín lọ́nà. Ẹ jẹ́ ká fi àáró ṣe é."

Nígbà tí iná padà, wọ́n kó ẹyin padà sínú Àgbébọ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ àáró iná. Ẹ má rò pé ó rọrùn o! Ìsàlẹ̀ ìlú ni àárọ̀, àárín ìlú ni ọ̀sán, òkè ìlú ni ìrọ̀lẹ́ kí oòrùn tó rẹ̀. Ẹni tí tirẹ̀ bá jẹ́ ọ̀sán gbọ́dọ̀ fi oko sílẹ̀ wálé lọ lọ ata rẹ̀, ebè tí ìbá kọ lọ́jọ́ náà sì kú nìyẹn. Àfísù fi òwúrọ̀ kùtù jórin, àwọn tó fẹ́ kí ó bá wọn ṣe ilẹ̀kùn ń bú u pé ó ń pẹ́. Àwọn ọ̀dọ́ fi bọ́ọ̀lù alaalẹ́ sílẹ̀, wọ́n ń kùn. Ọpẹ́fẹ̀yìntìmí ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Nígbà tí Iyìolúwa sọ pé kíkó oòrùn pamọ́ kì í ṣe ọ̀fẹ́, owó ló rò pé ó ń sọ. Kò mọ̀ pé ebè tí wọn ò kọ àti bọ́ọ̀lù tí wọn ò wò wà nínú iye náà. Àgbébọ̀ nìkan ni kò da àáró. Tọ̀sán-tòru ló ṣì ń jẹ tirẹ̀, kò sì sí ilé tó sọ fún un pé kó dá a padà. Ìyẹn ń dùn ún lọ́kàn.

Ọjọ́ tó yẹ kí ẹyin pa wá pé, ọjọ́ náà ló sì burú jù. Láti àárọ̀ ni ọyẹ́ ti dì mọ́ ojú ọ̀run, oòrùn kò jáde rárá, eruku bo àwọn pátákó ẹ̀yìn ilé ẹ̀kọ́. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, iná ti ń ṣẹ́jú. Ọpẹ́fẹ̀yìntìmí mọ ohun tó ń bọ̀: wọ́n á ti oko dé, wọ́n á tan gílóòbù, wọ́n á tan tẹlifíṣọ̀n, bátìrì á kú kí ọmọ adìẹ tó já èèpo. Kò ní ẹnu tí á fi bẹ̀ wọ́n. Ó ti fi ẹnu yẹn ba tiwọn jẹ́ nígbà kan.

Ó gba ẹ̀yìnkùlé lọ sí ilé ìdáná láti lọ gbé omi gbígbóná sílẹ̀ de ohun tó bá ṣẹlẹ̀. Nígbà tó jáde pẹ̀lú ṣágo lọ́wọ́, ilẹ̀ ti ṣú. Ó wo ìlú. Dúdú kirikiri! Kò sí gílóòbù kan ṣoṣo tó ń tàn láti ìsàlẹ̀ dé òkè.

Ṣágo bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Yéè! Wọ́n ti tún pa á! Ẹ ti tún pa á o, ẹ̀yin ará Òkè-Àyìn! Ẹ ò lè fara dà á ní alẹ́ ẹyọ kan!"

"Ìyàwó wa, ta lò ń bú?" Ohùn Bíntù ni, ó ti ẹ̀yìn ògiri jáde láti inú òkùnkùn.

"Gbogbo yín ni mò ń bú!"

"Ó dáa. Lọ wo iwájú ilé rẹ."

Ó sáré yí ilé ká. Ó dúró gbọnin. Fèrèsé yàrá Àgbébọ̀ ń tàn yanranyanran, òun nìkan ní gbogbo ìlú. Ó wọlé. Iná pupa kékeré wà lójú rẹ̀. Ẹyin ti ń sán; ọ̀pọ̀ dákẹ́, wọn ò ní í pa mọ́ láé, ó rí ìyẹn náà, ó sì dùn ún. Àmọ́ àwọn míì ń mì, ẹnu kékeré ń yọ, àwọn tó ti ṣáájú ti gbẹ, wọ́n ń ké ṣíoṣío. Kò tó kó kárí ilé. Àáró náà ni wọ́n á fi pín in: ẹni tó bá kọ́kọ́ gbà á sìn ín, tó bá yé, á fi ẹyin fún ẹni tó kàn.

Ó mú ọ̀kan tó ti gbẹ, ó fi ọwọ́ méjèèjì bò ó, ó jáde. Àwọn èèyàn ti wà lójúde nínú òkùnkùn, kò tètè rí ojú wọn.

"Ta ló ké 'Ó yá' fún yín?" ó bèèrè. "Ta ló ní kẹ́ ẹ pa á?"

"Kò sẹ́ni tó ké nǹkan kan," ni Bíntù wí. "Kálukú ló wo ojú ọ̀run, tó lọ pa tirẹ̀. Èmi náà jáde síta láti wá sọ fún àwọn ará ilé kejì, mo bá a pé tiwọn ti kú ṣáájú tèmi."

Ọpẹ́fẹ̀yìntìmí ya ẹnu. Omijé ló jáde. Ó wá ojú Àfísù láàárín wọn títí ó fi rí i lẹ́yìn gbogbo èèyàn, ó kọjá lára àwọn àgbà lọ bá a, ó sì fi ọmọ adìẹ náà lé e lọ́wọ́. Àfísù gbé e sún mọ́ ojú, ó rẹ́rìn-ín, nítorí òórùn irú ló ń ti ara rẹ̀ jáde.